Ìyá Rẹ Oníbúrẹ́dì Kò Jẹ Búrẹ́dì Mọ́

Ọmọ mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ, ṣé òrùlé yàrá rẹ kò jò, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé kì í lo omi tí o bá pọn sílẹ̀? A kí ọ láti inú ilé títí dé ẹnu ọ̀nà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a gbọ́ burúkú nípa rẹ, kí ìlú ńlá má gbé ọ mì, kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ máa fi ojú rere wò ọ́ àní lọ́jọ́ tí inú bá ń bí i láti ilé rẹ̀ wá. Àmín. Kò sẹ́ni tó kú nílé, kò sẹ́ni tó bímọ. A ti tún ẹ̀yìnkùlé ṣe, ògiri kò wó mọ́. Ara tèmi le. Ara ìyá rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, ṣùgbọ́n má tíì sunkún, ó wà láàyè, ó ń bẹ nínú yàrá kejì tí ó ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ni mò ń kọ ìwé sí láti àárọ̀. Mo ní ẹni tó jẹ mí ní gbèsè ẹran ni.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, rántí pé bàbá rẹ ni mo jẹ́. Mo mọ̀ pé ọjọ́ orí wa kò jìnnà síra wọn, mo sì mọ̀ pé a jọ jókòó ní kíláàsì kan náà nígbà tí wọ́n ní kí n tún ti ọdún tó kọjá kà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, èmi ni mo bọ́ sí ipò rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ni o ń pè mí lórí fóònù. Mo ń gbọ́ ọ, n kò sì bínú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ nínú lẹ́tà yìí kì í ṣe Bọ̀ọ̀dá.

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ wa. Ìyá rẹ ní o rù. Mo ní o kò rù, fóònù ló tẹ́ẹ́rẹ́, ẹni tí wọ́n bá tì sínú nǹkan tí kò fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ibo ló ti fẹ́ rí àyè sanra. Mo dá fóònù náà dùbúlẹ̀, ni o bá fẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ padà sí bí a ṣe mọ̀ ọ́n, inú gbogbo wa dùn. Mo gbé e dúró, o tún rù. Ni mo bá fi í sílẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀ lórí àpótí, bẹ́ẹ̀ ni a sì ṣe ń wò ọ́ títí di òní.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì. Ǹjẹ́ o rántí ọjọ́ tí o sọ fún ìyá rẹ pé ó ti sanra jù, pé ṣé ó fẹ́ kí orúnkún rẹ̀ ṣẹ́ ni? O rẹ́rìn-ín sí i. Mo wà níbẹ̀, ìdí ààrò ni a wà, ohùn rẹ sì ń jáde sókè nínú fóònù. Òun náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí o pa fóònù, ó dìde, ó ń yí búrẹ́dì tí kò tíì tó yí padà, ó yí gbogbo rẹ̀ títí wọ́n fi fọ́. Mo ní kí ló dé. Ó ní kò sí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni o fi òfin ránṣẹ́. O ní ẹran, ẹyin àti ẹja ni kí ó máa jẹ, kí ó má fẹnu kan búrẹ́dì, kí ó má fẹnu kan ìrẹsì, ọ̀dùnkún, àgbàdo, ẹ̀wà, àní ọsàn. Ọ̀nà tí o fi ń tẹ́ẹ́rẹ́ nìyẹn, àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ náà ń ṣe é. O sì fi ọkùnrin kan ránṣẹ́ sí i nínú fóònù láti máa kọ́ ọ.

Ọkùnrin náà kò wọ ẹ̀wù. Mo wò ó bí alápatà ṣe ń wo nǹkan, mo sì gbà pé ẹran ara rẹ̀ le, kò ní ọ̀rá. Ìyá rẹ kì í tẹ̀ ẹ́ láìwé gèlè, ó ní kò dáa kí opó máa ṣí orí sílẹ̀ níwájú ọkùnrin tí òun kò mọ̀. Ó máa ń kí i, ó ń bi í léèrè ìyàwó àti ọmọ. Ọkùnrin náà kì í dáhùn, ohun tó sọ lánàá náà ló máa ń sọ lónìí. Ìyá rẹ ní sùúrù rẹ̀ pọ̀, pé ì bá ti rẹ ẹlòmíràn. Bí búrẹ́dì bá jinná, aṣọ tí ó fi ń bo ìyẹ̀fun pípò ni ó máa ń dà bo fóònù kí ó tó kó o jáde, kí ọkùnrin náà má baà rí i pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́ kí ó rò pé ó ń ṣe màgòmágó. Mo sọ fún un pé yóò ṣì máa gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó ronú sí i, ó sì gbé fóònù náà lọ sínú yàrá.

Òṣùwọ̀n ẹran mi ni ó fi ń wọn ara rẹ̀. Bí ọjà mi bá ti dínkù, á wá gun orí rẹ̀, á di òpó mú. Lọ́jọ́ kan oníbàárà kan wọlé bá a níbẹ̀, ó ní ṣé wọ́n ti ra ìyẹn ni. Ìyá rẹ ní kò tíì sí ẹni tí owó rẹ̀ tó o. Inú rẹ̀ dùn nígbà náà, nítorí òṣùwọ̀n náà ń lọ sílẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀ sì ń tóbi fún un. Inú tèmi náà dùn, kí n má purọ́ fún ọ. Kò sí alápatà tí kò ní fẹ́ irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀.

Nígbà tó yá, ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rùn bí èso tó ti ń bàjẹ́. Orí ń fọ́ ọ. Ilé ìgbẹ́, bí ó bá wọ ibẹ̀, àá fẹ́ẹ̀ máa rán ènìyàn lọ wò ó, yóò sì jáde bí ó ṣe wọlé. Òòyì ń kọ́ ọ bí ó bá dìde. Mo ní kí ó jẹ nǹkan gidi. Ó ní ọkùnrin inú fóònù ti sọ tẹ́lẹ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀, pé oúnjẹ náà kò tíì mọ́ ọn lára ni. Nítorí náà, bí ó ṣe ń rẹ̀ ẹ́ sí i ni inú rẹ̀ ń dùn sí i pé ó ń ṣiṣẹ́.

Búrẹ́dì náà kò tà mọ́. Aránṣọ tó wà lódìkejì ló dá a sílẹ̀. Òun ló máa ń bá ìyá rẹ jẹ èyí tó bá jóná díẹ̀ létí, wọ́n á jọ mu tíì. Ó fi lọ̀ ọ́, ìyá rẹ ní òun kì í fẹnu kàn án mọ́. Ni aránṣọ bá ń bi gbogbo ẹni tó wá gba aṣọ pé kí ni oníbúrẹ́dì fi sínú búrẹ́dì tí òun fúnra rẹ̀ fi ń sá fún un. Mo lọ bá a, mo sọ fún un pé ẹnu rẹ̀ gùn ju òwú ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ó ní bí ó bá gùn, kí n lọ mú ìyá rẹ wá kí ó gé ẹyọ kan jẹ lójú òun. N kò lè mú un wá. Adìẹ ló ń jẹ ìyókù búrẹ́dì báyìí, ara wọn sì ń dán.

Ìgbà tó wá ṣubú, òwúrọ̀ ni. Mo gbé ẹran tirẹ̀ wá, mo bá a lẹ́nu ààrò, òógùn tútù bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo kí i. Ó wò mí, ó sì fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ó ní ṣé mo ti ti oko dé. O mọ̀ pé Ọkọ Kékeré ló ń pè mí láti ìgbà tí ó ti ń pọ̀n mí, kò ṣì mí pè rí. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti ṣubú, Ọlọ́run ló bá wa ṣe é, orí àpò ìyẹ̀fun ni ó ṣubú sí, kì í ṣe inú iná.

Mo gbé e sórí ọmọlanke tí mo fi ń kó ẹran, mo sáré. Aṣọ iṣẹ́ mi kún fún ẹ̀jẹ̀ màlúù, obìnrin sì nà gbọọrọ níwájú mi, o lè fojú inú wo bí àwọn ènìyàn ṣe tẹ̀lé wa. Ìgbà tí a fi dé ilé ìwòsàn, ènìyàn méjì ti gbá mi létí. N kò dúró ṣàlàyé.

Nọ́ọ̀sì gún un ní ìka, ó wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Ó fún un ní omi tó dùn bí oyin, ojú rẹ̀ sì là. Ni nọ́ọ̀sì bá bi í ohun tó jẹ lánàá. Ó ní ẹran. Láàárọ̀ ńkọ́? Ó ní ẹyin. Ṣé ó lo oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n ti ń fún un níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ìyá rẹ ní òun lò ó pé pérépéré, òun kì í ṣe aláìgbọràn. Nọ́ọ̀sì ní ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Oògùn náà ń fa ṣúgà ara wálẹ̀, oúnjẹ tó yẹ kí ó gbé e ró kò sì wọlé mọ́. Ó gbọ́ràn sí nọ́ọ̀sì lẹ́nu, ó gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu, ìgbọràn méjèèjì wá pàdé nínú ara kan wọ́n ń jà.

Wọ́n tún yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Nọ́ọ̀sì ní ohun tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ní àtọ̀gbẹ ti ń yọ kíndìnrín rẹ̀ lẹ́nu tẹ́lẹ̀, a sì tún di ẹrù ẹran lé e lórí ní àárọ̀, ní ọ̀sán, ní alẹ́. Kíndìnrín, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mo ń tà á. N kò mọ̀ pé ó máa ń rẹ òun náà. Nọ́ọ̀sì ní kò tíì bàjẹ́, ṣùgbọ́n kí a má dúró de ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ó ní ọ̀rá ẹran náà kò sì dára fún ọkàn rẹ̀. Ó dín oògùn rẹ̀ kù, ó ní kí ó máa jẹ oúnjẹ díẹ̀ díẹ̀ lásìkò, búrẹ́dì níwọ̀nba, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, èso, kí ó máa rìn, kí ó padà wá fún àyẹ̀wò. Ó ní kò burú kí ó fọn díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe báyìí.

A délé, ìyá rẹ se ẹran.

Mo bínú. Ó ní nọ́ọ̀sì yẹn sanra ju òun lọ, kí ni ó fẹ́ kọ́ òun. Mo gbé fóònù, mo tẹ ọkùnrin tí kò wọ ẹ̀wù náà jáde, mo gbé oògùn àtọ̀gbẹ sí iwájú rẹ̀, mo bi í bóyá ó mọ̀ pé obìnrin yìí ń lo èyí. Kò dáhùn. Mo tún bi í. Ó yí ẹ̀yìn sí wa kí a lè rí bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí. Ìyá rẹ ní ṣé mo rí i pé kò ta kò ó.

Ìgbà tí a jókòó pẹ́ ni ó wá sọ òótọ́ fún mi. Ó ní ọmọ òun ló ní kí òun ṣe é, ọmọ òun ló lè ní kí òun má ṣe é mọ́. Ó ní òun kò fẹ́ kí ojú tì ọ́ bí o bá fẹ́ fi òun han ènìyàn. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ọ pé òun ṣubú. Mo gbà. Mo sì ti sọ ọ́ báyìí.

Mo rò ó pé kí n purọ́ pé o ti pè, pé o ní kí ó jẹun. Kò ní gbà á. Ó mọ bí o ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí o bá sì pè é lórí fóònù, yóò sọ fún ọ pé ara òun le, yóò rẹ́rìn-ín, ìwọ náà á rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni yóò parí sí. Nítorí náà, owó ẹran tí o ń fi ránṣẹ́, má fi ránṣẹ́ mọ́. Èmi alápatà ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Fi í wọ ọkọ̀ wá. Bí ó bá ṣẹ́ kù, ra bàtà òjò kan bọ̀ fún mi, èyí tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ti ya, kí o sì fi èyí tó kù yẹ ara tìrẹ náà wò, nítorí nọ́ọ̀sì béèrè ẹni tó ní kí ìyá rẹ ṣe é, nígbà tí mo dá a lóhùn, ó ní kí ẹni náà yọjú.

Bí o bá dé, má sọ fún un pé mo kọ̀wé. Jókòó tì í lẹ́nu ààrò, sọ pé ebi ń pa ọ́, bu búrẹ́dì jẹ lójú rẹ̀, fi ìyókù lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà kí o wá sọ fún un pé ìyá rẹ ni, bí ó bá sanra, ìyá rẹ ni, bí ó bá rù, ìyá rẹ náà ni. Nọ́ọ̀sì kò lè bá ọ sọ ìyẹn fún un. Èmi náà kò lè bá ọ sọ ọ́.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lọ́nà. Ọkọ̀ tí o máa wọ̀ kò ní dákú. Ọmọ tí o máa bí yóò gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu, ìwọ náà yóò sì máa ṣọ́ ohun tí o bá ń sọ fún un. Kí o dé ilé kí ìyá rẹ tó tún ṣubú. Àmín.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.