Màmá Kí-Ló-Fà-Á, Ẹni tó Kọ́ Bàbá Wa Bí Wọ́n Ṣe Ń Ka Ìtàn

Ọdún 1947 ni wọ́n bí màmá wa, nínú yàrá kan lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Aránṣọ ni bàbá tó bí wọn, alágbàfọ̀ sì ni ìyá wọn. Bí ìyá wọn bá ń lọ aṣọ, tí wọ́n ń pàlọ́ lọ́wọ́, ọmọ yìí kò ní jẹ́ kí àlọ́ náà rìn: "Kí ló fà á?" Àlọ́ òní á di ti ọ̀la. Bí ìnagijẹ náà ṣe mọ́ wọn lórí nìyẹn.

Ní 1969, màmá jáde ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní lítíréṣọ̀. Àhunpọ̀ ìtàn, ẹ̀dá ìtàn, ibùdó ìtàn: ọ̀rọ̀ tó ń kun ọmọ ilé ìwé lóorun ni, àmọ́ lẹ́nu màmá, bí òfófó ló ń dùn. Ta ló ṣe é? Níbo ló ti ṣe é? Kí ló fà á?

Wọ́n fẹ́ bàbá wa, òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé, ní 1972. Háà, ilé yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ní 1978! Màmá kọ ìtàn ìyàwó kan tó fẹ́ ahun, ìyàwó náà ló sì ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bàbá ni wọ́n gbé e fún láti to lẹ́tà rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń to "ọkọ mi", "ọkọ mi", bẹ́ẹ̀ ni inú ń bí wọn. Wọ́n kó ẹrù lọ sílé ẹ̀gbọ́n wọn.

Màmá kò sunkún. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbé ìwé náà lọ bá bàbá, tí wọ́n ń ṣàlàyé pé asọ̀tàn kì í ṣe òǹkọ̀wé, pé ẹ̀dá ìtàn ni asọ̀tàn náà.

Bàbá ní, "Ahun yẹn ńkọ́? Ṣé kì í ṣe èmi ni?"

"Apárí ni ahun yẹn. Ṣé ẹ̀yin náà pá ni?"

Bàbá fọwọ́ pa irun orí wọn, ẹ̀rín gbà wọ́n, wọ́n sì padà wálé.

Màmá fẹ̀yìn tì ní 2004, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ akàwé sílẹ̀ ní ilé ìkàwé àdúgbò. Wọn kì í fi àdúrà àárọ̀ ṣeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń bi Ọlọ́run pàápàá ní ohun tó fà á.

Nígbà tí àìsàn dé, màmá bẹ̀rẹ̀ ìtàn mìíràn: bàbá àgbàlagbà kan tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ẹnì kan ṣoṣo. Bàbá wa kà á, wọn kò bi màmá bóyá àwọn ni bàbá yẹn. Wọ́n ti gbọ́n. Màmá ló di ọwọ́ wọn mú.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀yin lèyí o. Ẹ má jẹ́ kí iyọ̀ pọ̀ jù."

Màmá dágbére fáyé ní 2023. Wọ́n fi ọkọ, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ púpọ̀ sílẹ̀. Ó dùn wá dọ́kàn.

Màmá, iyọ̀ ṣì ń pọ̀ jù. Ẹ sùn re o, kí Ọlọ́run tẹ́ yín sáfẹ́fẹ́ rere.