Ìlérí Tí A Kà Sókè ní Ìsundunrin

Ilé wa, Èjìgbò,
Ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlàíkùmù. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Èjìgbò. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yín ti ń jẹ́ kí ẹ gun àtẹ̀gùn ilé yín ní Àbíjàn láìdúró sinmi? Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín fún wa. Àwa náà ń dúpẹ́. Àgbàdo ti wọlé, àwọn ọmọ sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ìròyìn kan ń dùn mọ́ mi nínú, mi ò sì lè sọ ọ́ tán lórí fóònù, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ni nẹ́tíwọ̀kì ń já. A ti ṣí ilé ìgbẹ̀bí tuntun ní Ìsundunrin. Ẹ ó ní kí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wà nínú kí ìjọba kọ́lé. Màmá, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ni ìròyìn.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo ń bójú tó ìwé àdéhùn àwọn agbaṣẹ́ṣe níbi iṣẹ́ wa ní ìjọba ìbílẹ̀. Bí wọ́n bá ń du iṣẹ́, a máa ń bi wọ́n pé, yàtọ̀ sí ilé tí ẹ fẹ́ kọ́, oore wo lẹ máa ṣe àwọn ará ìlú? Ẹni tí ìlérí rẹ̀ bá dára jù a máa borí. Èyí tó gba iṣẹ́ Ìsundunrin kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yóò kọ́ obìnrin mẹ́fà nílùú náà ní iṣẹ́ táìlì títí wọn yóò fi mọ̀ ọ́n. Ìlérí yẹn ló fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó kù.

Ẹ̀bi kan wà lọ́rùn mi tí mi ò sọ fún yín rí. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n kọ́ kíláàsì mẹ́rin ní Masífà, irú ìlérí báyìí sì wà nínú ìwé rẹ̀. Ilé parí, ó dára, mo fọwọ́ sí i. Mi ò bèèrè pé àwọn tí wọ́n ní àwọn á kọ́ níṣẹ́ dà. Nígbà tí mo padà débẹ̀, ọmọbìnrin kan sọ fún mi pé ẹ̀yìn ọgbà làwọn ti ń wo àwọn òṣìṣẹ́ títí wọ́n fi kó ẹrù wọn lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Nítorí náà, nígbà tí Al-Ameen, ẹnjiníà agbaṣẹ́ṣe Ìsundunrin, mú ìwé orúkọ obìnrin mẹ́fà wá pé àwọn lòun ń kọ́, tí ìtẹ̀ka wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, mi ò kàn fi í sínú fáìlì. Ọ̀kadà ni mo gùn lọ síbẹ̀. Orúkọ àkọ́kọ́ ni Àpèkẹ́, opó kan tí yóò tó ọmọ ogójì ọdún. Ẹ̀gẹ́ ló ń bó nígbà tí mo dé. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ táìlì o." Ó wò mí títí, ó ní, "Táìlì wo? Wọ́n ní kí n tẹ̀ka kí wọ́n lè fún mi ní nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Nẹ́ẹ̀tì ọ̀hún náà ò sì tíì dé." Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn márùn-ún tó kù wí. Inú ń bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí.

Al-Ameen ò tiẹ̀ bá mi jiyàn. Ó ní, "Àǹtí Mùbárákà, ohun tí a fi gba iṣẹ́ nìyẹn. Ilé ni iṣẹ́." Ọ̀gá mi, Alàgbà Àrẹ̀mú, náà ní kí n rọra, kí ilé náà má lọ di àpatì. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èjìgbò ni àwọn aboyún Ìsundunrin ń gun ọ̀kadà wá pẹ̀lú ìrọbí. Bí iṣẹ́ bá dúró nítorí mi, àwọn ni yóò jìyà rẹ̀.

Mo rò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò dá iṣẹ́ dúró. Mo tú ojú ìwé tí ìlérí náà wà sí Yorùbá, mo sì bẹ àwọn àgbà ìlú pé kí wọ́n pe ìpàdé síwájú ilé náà. Ọ̀gá mi wá, Al-Ameen náà wà níbẹ̀. Mo kà á sókè. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ obìnrin mẹ́fà, ariwo sọ, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn rí. Àpèkẹ́ dìde, ó kọjú sí Al-Ameen, ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ ti kọ ọ́ pé ẹ máa kọ́ wa. Aago mélòó ni ká wá lọ́la?" Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Al-Ameen wo ọ̀gá mi bóyá wọ́n á gba òun sílẹ̀, ṣùgbọ́n òrùlé ni ọ̀gá mi ń wò. Ó ní, "Aago méje, mà."

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n ti débẹ̀. Ṣùgbọ́n ará Kútọnu ni ọ̀gá onítáìlì, Faransé ló gbọ́, Yorùbá rẹ̀ ò sì ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Wọ́n ní kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni. Màmá, ibẹ̀ ni mo ti dúpẹ́ pé Àbíjàn lẹ ti tọ́ mi dàgbà. Mo fi Faransé kí i pé, "Bonjour, patron." Ojú rẹ̀ là! Ó ní òun ti kọ́ èèyàn mọ́kànlá nílùú òun, kò sẹ́ni tó ní kí òun kọ́ ẹnikẹ́ni níhìn-ín ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni mò ń lọ túmọ̀ fún wọn, tí mo sì ń fojú ara mi rí ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá. Kí oṣù kan tó pé, wọn ò nílò mi mọ́. Ọ̀gá á pariwo pé kó rọra, "Doucement, maman!" Àpèkẹ́ á dá a lóhùn pé, "Dúsúmà ni mò ń ṣe yẹn!"

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dán o. Wọ́n fọ́ táìlì, Al-Ameen sì jágbe mọ́ wọn. Ẹnì kan ò parí, ìkórè gbà á lọ́wọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a lọ yẹ ilé náà wò kí n tó fọwọ́ sí i, Al-Ameen da korobá omi kan sílẹ̀ nínú yàrá ìgbẹ̀bí. Omi náà ṣàn tààrà wọ ihò tí omi ń gbà jáde, kò ku ẹ̀kán kan sílẹ̀. Ó ní, "Ta ló to ibí yìí?" Àpèkẹ́ ní, "Èmi onínẹ́ẹ̀tì ni." Al-Ameen dọ̀bálẹ̀ fún un nítòótọ́, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun! Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ mẹ́ta nínú wọn pé kí wọ́n bá òun lọ síbi iṣẹ́ tó kàn ní Ẹdẹ, wọ́n sì ti wà níbẹ̀ báyìí.

Ọ̀gá mi náà ti pàṣẹ pé láti ìsinsìnyí lọ, kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀ níbikíbi, a gbọ́dọ̀ ka ìlérí agbaṣẹ́ṣe ní Yorùbá fún àwọn tí wọ́n ṣe é fún. Mo ti lọ kà ti Masífà náà. Agbaṣẹ́ṣe yẹn ti lọ tipẹ́, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbà á, wọ́n tún fún mi ní iṣu.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ ò ní fi ẹsẹ̀ kọ, ọjà yín á máa tà, ojú wa á rí ara wa ní ayọ̀. Àwọn ọmọ ní kí n bá wọn kí ìyá ńlá.

Èmi ni ọmọ yín,
Mùbárákà.

Àfikún: Mo bẹ Àpèkẹ́ pé kó wá to táìlì sí ilé ìdáná yín níbí ní Èjìgbò kí ẹ tó wálé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ àwọ̀ tí ẹ fẹ́. Ó ti gbà, ṣùgbọ́n ó ní mo gbọ́dọ̀ kọ ìwé àdéhùn, kí n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa yóò kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Ó ní òun á ní kí wọ́n ka ìwé náà fún òun sókè kí òun tó tẹ̀ka.