Ẹlẹ́rìí Kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Màámi ní kí n kọ́kọ́ kí yín kí n tó sọ ohunkóhun. Ara wọn le, àfi orúnkún tí wọ́n ń bá jà láàárọ̀. Orí àga yín ni wọ́n ń jókòó sí báyìí. Wọ́n ní àwọn ò gbà á lọ́wọ́ yín o, àwọn kàn ń bá yín tọ́jú rẹ̀ ni.

Èsì iṣẹ́ wa dé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ẹ̀yin ló yẹ kí n sọ fún, torí ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ̀nà tí a gbà ṣe é.

Ẹ ò bá mi débi iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ẹ lọ, àwọn ọmọ girama ni mo ṣì ń kọ́. Ní báyìí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, mò ń kàwé sí i ní yunifásítì. Kuésà ni à ń wá. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí n sọ ọ́ kó yé èèyàn. Ní àárín àwọn àkójọ ìràwọ̀ kan, ohun dúdú ńlá kan wà tó ń gbé ohun gbogbo tó bá sún mọ́ ọn mì. Ohun tó fẹ́ gbé mì yẹn máa ń gbóná gan-an kó tó wọlé, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a sì ju ti gbogbo ìràwọ̀ tó yí i ká lọ. Àwọn tí à ń wá jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ wọn ti gbéra kí ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ yìí tó wà rárá. Ó ti rìn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi pọ́n kọjá ohun tí ojú lè rí. Awò awọ̀nàjíjìn ńlá kan ní òkè òkun ló máa ń ya àwòrán ojú ọ̀run fún wa, àwa a máa fi kọ̀ǹpútà wá àmì pupa kékeré nínú rẹ̀. Màámi bi mí pé tí a bá rí i tán, kí la fẹ́ fi ṣe.

Ẹlẹ́tàn wà nínú iṣẹ́ náà. Àwọn ìràwọ̀ kéékèèké kan wà nítòsí wa tí kò gbóná púpọ̀, àwọn náà máa ń pọ́n bẹ́ẹ̀. Àfi kí awò tó tóbi jù tú ìmọ́lẹ̀ náà sí àwọ̀ òṣùmàrè ká tó mọ èyí tó jẹ́.

Ṣé ẹ rántí ògiri ilé tí wọn ò kọ́ parí lẹ́yìn ilé wa ní Ọ̀yọ́? Níbẹ̀ ni ẹ̀yin àti Àáfà Súlè télọ̀ ti máa ń wá oṣù ààwẹ̀ fún mọ́sálásí. Ẹ óò gbé bàtà tí ẹ ń rán sílẹ̀, ẹ óò fomi tútù bọ́jú, ẹ óò fà mí lọ́wọ́. Lèmọ́mù kì í gba ẹ̀rí ẹnì kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí oṣù nínú ẹ̀yin méjèèjì kò gbọdọ̀ nawọ́ sí i. Ẹ ní bí èèyàn bá nawọ́, ojú ẹnì kejì á tẹ̀lé ìka, á sì ní òun rí i nígbà tí kò rí nǹkan kan. Torí náà, ẹni tó bá ti rí i á kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, á sì dákẹ́. Àáfà Súlè ló sábà máa ń kó ọwọ́ sẹ́yìn ṣáájú, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ pè ní mọ́sálásí. Inú máa ń bí mi. Bàbá tèmi ló ga jù, kí ló dé tó jẹ́ òun ló ń ṣe ìkejì?

Fúnmi ni a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Ọmọ Aládùúrà ni, ó máa ń gbé ike omi àdúrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní iná kì í lọ tí omi náà bá wà níbẹ̀. Iná ń lọ.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, mo rí àmì kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú kẹ̀kẹ́ láti Ọjà Igbó dé Takie, òun ni mò ń rò. Tó bá jẹ́ kuésà, orúkọ mi ló máa ṣáájú lórí ìwádìí náà. Ọ̀gá wa náà kì í fi ohun tí ẹyọ ẹnì kan rí ránṣẹ́, nítorí náà mo kó àwòrán fún Fúnmi láìfi àmì tí mo rí hàn án, mo sì sọ fún un nípa kíkó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó gbà. Nígbà tó wò ó tán, ó ti rí tèmi, ó sì rí òmíràn pẹ̀lú. Kò sọ ibi tó wà. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò mí.

Mo wá a títí ojú fi ń ro mí. Igun àwòrán ló wà, níbi tí mo ti gbójú fò ó pé ìdọ̀tí ni.

A fi méjèèjì ránṣẹ́ sí àwọn tó ni awò tó tóbi jù. Tèmi, ìràwọ̀ ni, aládùúgbò wa lásán. Ti Fúnmi ni kuésà.

Ó dùn mí, Bàbá. Mo bá a yọ̀, mo ra mọ́ínmọ́ín fún un, àmọ́ ó dùn mí. Orúkọ rẹ̀ ló ṣáájú, tèmi tẹ̀lé e. Ṣé ó máa ń dun ẹ̀yin náà? Ẹ ò fi hàn mí rí.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ọdún tí Àáfà Súlè ń ṣàìsàn. Èmi nìkan ni mo bá yín dé ìdí ògiri. Mo rí i tí ẹ kó ọwọ́ sẹ́yìn. Mo wá oṣù náà títí, mi ò rí i, ẹ ò sì nawọ́ sí i fún mi. Kò sí ẹlòmíràn tó rí i. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo àdúgbò ń jẹun, ẹ̀yin ń gbààwẹ̀. Màámi gbé ẹ̀kọ wá, ẹ ní ebi ò pa yín, ẹ tẹ orí ba, ẹ ń rán bàtà. Mo rò pé ẹ ń bínú ni. Àṣé ẹnì kejì lẹ kò ní.

Fúnmi ní tirẹ̀. Èmi ni.

Mo wálé ní Jímọ̀ tó kọjá. Lẹ́yìn ìrun Màgàríbì, èmi àti Màámi jáde sí ẹ̀yìnkùlé, oṣù tuntun sì ti lé. Wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan, kí n fi hàn àwọn. Mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn. Wọ́n wò mí, wọ́n mọ ẹni tó máa ń dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń wá a, títí wọ́n fi rí i fúnra wọn.

Ọlọ́hun á túbọ̀ fi ìmọ́lẹ̀ sí ibùsùn yín. Ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn mi.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ fà lọ́wọ́ dé ìdí ògiri.