Ìbọn Tí Ẹ Fi Sábẹ́ Jáàmù

Màmá mi,

Mo kí yín láti Seattle. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi Dwight àtìyàwó rẹ̀. Ṣé màlúù tó ń tiro yẹn ti ń jẹun? Ikọ́ ọmọ mi ti lọ.

Màmá, kò sọ́mọ yín tó ń kúrò ní Wyoming tẹ́ ẹ kì í ti nǹkan bọ inú ẹrù rẹ̀. Ìgò jáàmù, èso tẹ́ ẹ fi ṣúgà sè, nìkan ni mo mọ̀ pé ó wà nínú tèmi. Mi ò mọ̀ pé ẹ ti fi aṣọ ìnura wé ìbọn bàbá wa sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìbọn sẹ́rù bàálù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún wọn. Nígbà tí wọ́n rí i ní pápákọ̀ òfurufú, ọlọ́pàá bi mí pé, "Ta ló di ẹrù yìí?" Mo ní èmi ni, kí wọ́n má baà wá kanlẹ̀kùn yín. Wọ́n tì mí mọ́lé látàárọ̀ dalẹ́, wọ́n sì bu ìtanràn ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là lé mi lórí.

Mo pè yín, ẹ ní, "Ṣé wọ́n á dá ìbọn bàbá yín padà ṣá? Obìnrin kì í gbé ìlú ńlá lọ́wọ́ òfo!"

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí. Ẹ jọ̀ọ́, jáàmù nìkan ti tó mi.

Ẹ ti béèrè ìbọn lẹ́ẹ̀mẹta, Màmá. Ẹ ò tíì bi mí bí mo ṣe délé.

Ọmọ yín,
Marlys