Awò Màámi Ń Pe Orúkọ

Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá
Ọ̀gá Awò — bọ̀dá mi Awwal — fi ayọ̀ wọlé. Àwọn òǹtẹ̀wé Ṣómólú tó ń tẹ páálí awò fún wa la kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní báyìí, ilé ìwòsàn ojú kan fẹ́ máa bá wa ta awò ojú wa tó ń sọ̀rọ̀ fáwọn tí ò ríran. Ilé iṣẹ́ yàrá kan! Màámi ló kọ́kọ́ lò ó. Bí ẹni tí a ti ya fọ́tò ẹ̀ sínú ẹ̀ bá wọlé, awò á sọ ẹni tó dé. Ohùn mi, èmi Saheedat, ni wọ́n gbà sínú ẹ̀. Etí Màámi ti ń wúwo, a gbé ohùn ẹ̀ sókè, gbogbo ilé ló ń gbọ́.

Ọjọ́rú, 8
Àyìnkẹ́ bá Màámi yan ẹja. Orúkọ ẹ̀ kọ́ nìyẹn o. Màámi kì í pe èèyàn lórúkọ, oríkì ni wọ́n ń fún wa. Ọjọ́ tó sá wá háyà yàrá lọ́dọ̀ wa ní Ìlàjẹ ni wọ́n ti ń pè é ní Àyìnkẹ́. Ọkọ ẹ̀ ti yọ àdá sí i rí. Èmi nìkan ló sọ orúkọ ẹ̀ gan-an fún.

Jímọ̀, 17
Alájọṣepọ̀ tuntun, ilé iṣẹ́ ńlá. Ojú àìmọye èèyàn, pẹ̀lú orúkọ wọn, wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gá Awò ní a ò ní máa ya fọ́tò ẹnikẹ́ni sínú awò mọ́, á kàn máa dá wọn mọ̀ ni. Mo ní kí ni alájọṣepọ̀ yẹn náà máa rí gbà níbẹ̀? Ó ní kí n má kó wàhálà bá òun.

Ajé, 20
Ẹ̀rù ń bà mí. Àyìnkẹ́ gbé omi wọlé fún Màámi. Awò fi ohùn mi sọ ọ́ gbangba: Peculiar Ògúntádé ti dé. Korobá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 21
Mo lọ bá Ọ̀gá Awò ní ilé iṣẹ́ wa ní Ṣómólú pé kó pa awò náà. Ó ní àwọn ti tọwọ́ bọ̀wé. Ó tún ní ẹni tó bá ń wá èèyàn ẹ̀ tó sọnù lè bi alájọṣepọ̀ wa, wọ́n á sọ ibi tí awò ti rí i. Àánú ló pè é.

Ọjọ́rú, 22
Mo bẹ Àyìnkẹ́ pé kó máa lọ. Ó ní, "Ibo ni awò yín ò ní dé?" Mo gbé ti Màámi pamọ́. Wọ́n da omi gbígbóná sí ọwọ́ ara wọn, wọ́n ń sunkún pé ṣé kí àwọn padà sínú òkùnkùn ni. Mo gbé e fún wọn.

Ọjọ́bọ̀, 23
Ọ̀kadà yòówù tó bá dúró níwájú ilé, màá sáré lọ wo ẹni tó sọ̀.

Sátidé, 25
Ó wá. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màámi lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní òun ń wá ìyàwó òun, Peculiar. Èmi àti Àyìnkẹ́ wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Màámi mọ̀, síbẹ̀ wọ́n ní, "A ò ní Peculiar níbí, ọmọ mi." Wọ́n yíjú sẹ́yìn pé kí n wá jẹ́rìí. Mo ṣí kọ́tìnnì.

Saheedat. Peculiar Ògúntádé.

Ohùn mi ni. Mi ò tíì la ẹnu rárá.

Àyìnkẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ sétí ọ̀sà, ọkùnrin yẹn gbá tẹ̀ lé e. Ọlọ́pàá ṣì ń wá wọn. Màámi ti bọ́ awò kalẹ̀. Wọ́n ní kí n máa bá àwọn sọ̀rọ̀, kí àwọn lè mọ̀ pé mo wà níbí. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn yẹn.