Ife Àdúrà àti Òdòdó Bàbá Rẹ

Àbíkẹ́yìn mi, káàbọ̀. Jókòó ná kí o tó wo ìkòkò òdòdó ojú fèrèsé.

Ìyá rẹ tó kọ ìwé yìí sílẹ̀ fún ọ tún ti gbọ́n jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pààrọ̀ ìkòkò fún òdòdó kékeré eléwé nínípọn tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ fún ọ kó tó dolóògbé. Ó gé gbòǹgbò tó ti rà, bí o ṣe kọ́ ọ lórí fóònù. O ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kójú egbò gbẹ o, ẹ má fomi kàn án." Ó ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, tó bá gbàdúrà sómi tán, á da díẹ̀ sínú ìkòkò yẹn. Ó ní omi àdúrà kì í ṣe omi lásán. Omi náà ni o.

Láàárọ̀ yìí, ó bá a tó tún ti ń rà. Ó gé e, ó ku gbòǹgbò mẹ́ta péré. Ó tẹ́ ẹ sórí ìwé ìròyìn kó gbẹ, ó sì sá lọ síbi iṣẹ́.

Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ife àdúrà rẹ̀ ló fi tẹ ìwé yìí mọ́lẹ̀. Gbé ife náà pamọ́ títí di ọjọ́ Ẹtì tójú egbò yóò fi gbẹ, bó ti wù kí ìyá rẹ bẹ̀ ọ́ tó. Kó máa fẹnu lásán gbàdúrà fún òdòdó náà.