Fọ́tò Méjì fún Ojú Kan

Agboolé Onígbá,
Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kejìlá, Oṣù Kọkànlá, 1988.

Olúfúnkẹ́ ọmọ mi àtàtà,

O kú iṣẹ́ o, o kú ìlàkàkà Èkó. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ àti ti àwọn ọmọ le? Ọlọ́run tó ń dá ọ sí láàrin gbogbo mọ́tò wọ̀nyẹn kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Àwa níhìn-ín ń jẹun, a ń sùn, a sì ń jí, ọpẹ́ ni. Orókùn tó ń dun ìyá rẹ ti ń gbọ́ oògùn, ewúrẹ́ wa ti bí ìbejì, òrùlé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló kàn ń jò, ṣùgbọ́n n ó padà sórí ìyẹn.

Ìdí tí mo fi ń yára kọ̀wé ni pé, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé bàbá rẹ fi ayùn rẹ́ pátákó ẹ̀yẹ tí wọ́n fún un sí méjì, òótọ́ ni. Bí onítọ̀hún bá wá fi kún un pé orí mi ti dàrú, irọ́ ló pa. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

O rántí Ọ̀gbẹ́ni Mùílì, akọ̀wé ẹgbẹ́ tí ń gbé àṣà ilẹ̀ wa ga, tó gbé fọ́ọ̀mù wá ní oṣù Kẹjọ, pé wọ́n fẹ́ dá mi lọ́lá nítorí ogójì ọdún tí mo ti ń fín igbá. O kọ̀wé sí mi pé kí n má fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù náà títí ìwọ yóò fi wá bá mi kọ ọ́. O ṣeun, ṣùgbọ́n mo kàwé dé sítáńdáàdì kejì, kí ni fọ́ọ̀mù fẹ́ fi mí ṣe? Níbi tí wọ́n ti béèrè ọjọ́ ìbí mi, mo kọ ọ́ pé mo kéré nígbà yẹn, n kò rántí, ṣùgbọ́n àárọ̀ ni. Nísàlẹ̀ pátápátá, àyè ńlá kan ṣófo, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹgbẹ́ nìkan ló ni ín. Àánú wọn ṣe mí. Ìwọ náà mọ̀ pé igbá tí ojú rẹ̀ ṣófo kò tíì parí, a kì í gbé e lọ sọ́jà. Mo ní kí ìyá rẹ bá wọn fi nǹkan sí i, ó sì fi èédú ya alángbá méjì tí wọ́n ń lé ara wọn kiri. Ó dára ju gbogbo ohun tí mo kọ lọ.

Wọ́n tún ní kí n lẹ fọ́tò méjì mọ́ ọn. Mo rò ó dáadáa. Ojú kan ni Ọlọ́run fún mi, kí ni wọ́n fẹ́ fi fọ́tò méjì ṣe? Mo ní wọ́n ti gbọ́ bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn. Ṣebí ìyá rẹ ló ń fi èédú ya gbogbo ọnà sójú igbá kí n tó gbé ọ̀bẹ, láti ọdún tí mo ti gbé e níyàwó láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tó bá yà ni mò ń tọ̀. Mo lẹ fọ́tò mi, mo lẹ ti Ábígẹ́lì ìyá rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú wa sì bá ara mu.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Mùílì fi gbé fọ́tò ìyá rẹ padà wá nínú àpòòwé. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún, ojú mi nìkan ni wọ́n fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún fáìlì, ọ̀kan fún ìwé ètò. Mo bi í pé ṣé ojú mi máa ń tán ni. Ó rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé iṣẹ́ ìyá rẹ fún un, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n orúkọ kan ló máa wà lára pátákó. Ìyá rẹ gba fọ́tò rẹ̀, ó ní kò burú, ó sì fi í sínú Bíbélì. Ọkàn mi kò balẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Gbọ̀ngàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n wá gbé ayẹyẹ náà sí, ìlú ìyá rẹ gan-an. Gbogbo ará ilé wọn ló wá, títí kan James àbúrò rẹ̀ àti àwọn akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi wọn. Wọ́n pín ìwé ètò fún gbogbo ènìyàn, àfi bí mo ṣe rí alángbá méjì ìyá rẹ lójú ìwé àkọ́kọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà, wọ́n sì kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀. Ara mi gbóná. Nígbà tí wọ́n pè mí síwájú, mo sọ fún gbogbo wọn pé ìyàwó mi ló ya alángbá yẹn, òun náà ló ń ya gbogbo igbá mi. Atọ́kùn ètò ní ṣé wọ́n rí ọkọ tó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé pátákó lé mi lọ́wọ́. Ìyá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Títí a fi dé Ọ̀yọ́, ìta fèrèsé ọkọ̀ ló ń wò. Ó dùn mí, Fúnkẹ́. Gbogbo ọdún yìí ni mo ti ń gba ìyìn, n kò mọ̀ pé ó ń gbọ́ ọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé pátákó náà kalẹ̀, mo wò ó. Igi tó dára ni, ṣùgbọ́n odidi ni. Onígbá sì ni mí, ohun tó bá wọlé wa ní odidi, ńṣe là ń là á, igbá kan àti ìdérí rẹ̀. Mo fi èédú fa ìlà sí àárín, mo gbé ayùn. Ìyá rẹ gbọ́ ìró rẹ̀, ó sáré jáde tòun ti orókùn rẹ̀, ó ń pariwo pé ẹ̀yẹ àwọn ènìyàn ni mo ń bà jẹ́ yẹn, ojú wo lòun máa fi wo àwọn ará ilé òun. Mo ti rẹ́ ẹ dé àárín. Apá tí orúkọ mi wà ni mo mú. Mo gbé apá tó ṣófo fún un, mo ní tìrẹ nìyí.

Ó bá mi jà dé ọ̀sán. Nígbà tí mo ti oko dé, mo bá a tó jókòó, ó ń fi èédú ya apá tirẹ̀. Ó ya ẹyẹ yí i ká, ó kọ Ábígẹ́lì sí àárín ní lẹ́tà ńláńlá, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ó gbé e fún mi, ó ní kí n fín in, kí n má sì yà kúrò lójú ìlà òun. N kò yà.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, Mùílì wá ya fọ́tò pátákó fún ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wọn. Ó rí i ní méjì lára ògiri. Ó jókòó, ó ní ká fún òun lómi. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó sún mọ́ apá ti ìyá rẹ, ó wò ó títí, ó wá bi mí pé ta ló ya eléyìí. Mo ní mo ti sọ fún un nígbà tó ń rẹ́rìn-ín. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ, ó yọ fọ́ọ̀mù ọdún tó ń bọ̀ nínú báàgì rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ fún wa.

Nítorí náà, ọmọ mi, jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ rán dírẹ́bà ará Ọ̀yọ́ tó máa ń bá ọ gbé ẹrù, kí ìyá rẹ lè ra ìró tuntun kó sì lọ bá onífọ́tò, nítorí omi ti kan fọ́tò inú Bíbélì yẹn. Èyí tó bá ṣẹ́kù, n ó fi tún òrùlé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe. Bí kò bá ní ṣẹ́kù, fi kún un kó lè ṣẹ́kù. Má yọ ara rẹ lẹ́nu láti wá kọ fọ́ọ̀mù náà. Mo ti mọ òfin rẹ̀ báyìí, ojú ẹnì kan ṣoṣo ni, lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ìyá rẹ ni n ó lẹ̀ mọ́ ọn, méjèèjì.

Ọlọ́run yóò bù sí i fún ọ. Àwọn ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ bí o ṣe ń tọ́jú wa. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní sọnù sábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn.

Èmi bàbá rẹ,
Philip Ọlọ́runnísọ̀lá.

Àyè kan ṣófo nísàlẹ̀ ìwé yìí. Mo ti gbé e fún ìyá rẹ.